Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin tí Ẹ Ń Yan Àwòrán fún Ìpàtẹ: Ẹ Wo Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Béèrè Ìwé Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ọ̀gá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó yan àwòrán tí aráyé yóò rí lára ògiri gbọ̀ngàn ìpàtẹ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ẹrù kékeré kọ́ ni ẹ gbé rù, nítorí pé àwòrán tí ó ń dé ọ̀dọ̀ yín máa ń pọ̀ ju àyè tí ó wà lára ògiri lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yàn án tí inú gbogbo ènìyàn yóò fi dùn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo sì rí i pé bí n kò bá sọ ọ́ ní gbangba, kò ní dé etí gbogbo yín. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí a ń fún àwa ayàwòrán, ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé orúkọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni a ti kọ́ṣẹ́, ta ni ó kọ́ wa, ìwé ẹ̀rí wo ni a gbà. Ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, òfìfo náà ni yóò sì sọ̀rọ̀ ṣáájú àwòrán rẹ̀. Ayàwòrán ojú ilẹ̀ ni mí. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan nítorí iṣẹ́ yìí. Igbó, omi, òkè àti sánmà tí ó yí mi ká ni mo ń yà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà, kí ìbéèrè tí ẹ ó bi wá sì jẹ́ èyí tí iṣẹ́ náà lè dáhùn.

Nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, àwọn mìíràn a máa rò pé ohun tí ó bá ti wá sí i lọ́kàn ni ó kàn ń kùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó ń ya ilẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì gba irọ́. Bí ó bá kun koríko ní àwọ̀ ewé bí ó ṣe jáde láti inú agolo ọ̀dà, tí ó wá gbé àwòrán náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an, yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé àwọ̀ inú agolo ń pariwo, pé ti pápá rọlẹ̀ jù ú lọ. Láti ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò fi pupa díẹ̀ sí àwọ̀ ewé náà, yóò rí i pé ariwo rẹ̀ rọ̀. Yóò po búlúù mọ́ àwọ̀ ìyeyè fúnra rẹ̀ dípò kí ó gbára lé èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀, yóò sì rí i pé búlúù kan ń bí ewé títàn tí ó mọ́ gaara, pé òmíràn ń bí ewé tí ó ṣú, tí ó fẹ́ jọ eérú. Kò sí olùkọ́ tí ó dúró tì í. Pápá náà ni ó ń sọ fún un pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀, tí kò sì rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú òkè tí ó wà lókèèrè. Igi tí ó wà lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nítòsí wa, àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n búlúù ni ojú ń rí lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín àwa àti òkè náà ni ó ń ṣe é, nítorí pé ó ń fọ́n búlúù inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká ju bí ó ṣe ń fọ́n pupa lọ. Bí ọ̀nà tí ó wà láàárín bá ṣe ń jìn sí i ni búlúù náà ṣe ń pọ̀ sí i. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì, ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn, pé kí ayàwòrán máa fi búlúù kún ohun tí ó bá jìnnà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí Lord Rayleigh sì ṣàlàyé ìfọ́nká ìmọ́lẹ̀ náà ní 1871. Ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ lè má gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kun òkè ọ̀hún ní àwọ̀ kan náà tí ó fi kun igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òkè náà kò ní dúró lọ́hùn-ún mọ́. Yóò wá dúró sí iwájú àwòrán gan-an, ọkàn ẹni tí ó yà á kò sì ní balẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ó fà á. Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá rí gbà báyìí kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òjìji. Ẹni tí kò tíì wo òjìji dáadáa yóò fi dúdú kùn ún. Ẹni tí ó bá jókòó tì í nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere yóò rí i pé oòrùn nìkan ni igi dí, kò dí ojú ọ̀run yòókù, ìdí nìyẹn tí búlúù ojú ọ̀run fi ń rí ọ̀nà bọ́ sínú òjìji náà. Omi tí ó dákẹ́ náà ní òfin tirẹ̀: igi dúdú tí a rí nínú omi máa ń mọ́ díẹ̀ ju igi fúnra rẹ̀ lọ, ìkuukùu funfun tí a rí nínú omi sì máa ń ṣú díẹ̀ ju ìkuukùu òkè lọ. Ìkuukùu pàápàá kì í ṣe ohun tí a kàn lẹ̀ mọ́ apá òkè àwòrán. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé, wọ́n ń kéré sí i, wọ́n ń fún mọ́ra wọn, wọ́n ń tẹ́ pẹrẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí pápá tí ó wà nísàlẹ̀ wọn ṣe ń ṣe.

Èyí tí ó le jù ni àkókò. Oòrùn kì í dúró de ayàwòrán. Láàárín wákàtí méjì, òjìji tí ó dábùú ọ̀nà yóò ti kúrò níbẹ̀, ibi tí ó ṣú yóò ti mọ́, àwọ̀ ilẹ̀ yóò sì ti yí padà. Ẹni tí ó bá ń lé oòrùn kiri nínú àwòrán kan ṣoṣo yóò parí iṣẹ́ sí àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń ti ọ̀nà mẹ́ta wá. Nítorí náà ni ó fi ń kọ́ láti tètè fi ibi tí òjìji wà lélẹ̀ kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó padà wá ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ mìíràn tí ojú ọjọ́ bá jọra. Ó ń kọ́ láti fún ojú rẹ̀ pọ̀ kí ewé wẹ́wẹ́ lè pòórá, kí ó lè rí bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe pín ojú ilẹ̀ láàárín ara wọn. Ó ń kọ́ láti gbé àwòrán náà síwájú dígí, nítorí pé ohun tí ó wọ́, tí ojú sì ti mọ́ lára, dígí á tú u fó. Ní tèmi o, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pípadà sí ojú kan náà, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá ti rò pé òun ti rí tán ni ó ti ń rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Mo ṣe àlàyé yìí gùn nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń hàn lára iṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yín sì mú ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ lè mọ àwòrán tí ẹni tí ó yà á dúró nínú ìmọ́lẹ̀ náà yàtọ̀ sí èyí tí a dà kọ láti inú fọ́tò. Kámẹ́rà tí a bá fi ya ojú ọ̀run tí ó mọ́ yòò sábà máa ń sọ òjìji di dúdú pátápátá, bí ó bá sì mú òjìji dáadáa, ojú ọ̀run á funfun tán. Ẹni tí ó bá dà á kọ yóò da àbùkù yẹn kọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó dúró síbẹ̀ rí méjèèjì. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tí ó lè sọ èyí fún yín, àwòrán náà nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ẹ rántí Tom Thomson ti ilẹ̀ Kánádà. Ilé iṣẹ́ tí ń ya àwòrán ìpolówó ọjà ní Toronto ni ó ti ń jẹun. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kọ́kọ́ dé inú igbó ọba Algonquin ní 1912, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó sì mọ̀ nípa ọ̀dà, ojú ara rẹ̀ àti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó ti rí i. Inú ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ó ń wọ̀ káàkiri àwọn adágún ibẹ̀, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 sí 27 lọ, ó sì ń yára kun ohun tí ó bá rí kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó lọ. Ọdún márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé inú adágún kan nínú igbó yẹn kan náà ni ó kú sí ní oṣù keje ọdún 1917. Ẹni tí ó bá lọ sí gbọ̀ngàn àwòrán ti orílẹ̀-èdè Kánádà ní Ottawa lónìí yóò rí igi páínì kan tí ó dá dúró létí omi, èyí tí ó yà láàárín 1916 sí 1917. Ká ní fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni, kò bá má sí ohun púpọ̀ láti kọ síbẹ̀.

Alfred Wallis tilẹ̀ tún jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ orí omi ni ó ṣe nígbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń ta àlòkù irin iṣẹ́ ọkọ̀ ní St Ives ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ó ti tó nǹkan bí ọmọ 70 ọdún, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán láti fi lé ìdánìkanwà lọ. Páálí tí ó bá ti rí ni ó ń lò, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ sì ni ọ̀dà rẹ̀. Ní 1928, àwọn ayàwòrán méjì, Ben Nicholson àti Christopher Wood, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n rí ohun tí ó wà nínú ilé, wọ́n sì dúró. Ẹ kò ní rí òfin ìjìnnà àti ìtòsí tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ṣe pàtàkì sí i ni ó ń tóbi, èbúté sì lè hàn láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n òkun inú àwòrán náà wúwo, ó tutù, ó ń gbé ọkọ̀ bí òkun ṣe ń gbé ọkọ̀. Ilé àwọn aláìní ni ó kú sí ní 1942. Mo bẹ̀ yín, ẹ ronú lórí àwọn méjì tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn: ayàwòrán tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó wò.

Ìtàn tí ó tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù lọ ni ti àwọn ènìyàn dúdú ayàwòrán tí wọ́n wà ní agbègbè Fort Pierce ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1950. Lásìkò tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì wà, kò sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ tí yóò gba iṣẹ́ wọn. Orí pákó páálí tí wọ́n fi ń kọ́lé ni wọ́n ń ya etíkun sí, àti igi ọ̀pẹ, àti igi tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí iná, àti ìkuukùu òjò tí ó ṣú lé orí omi; pákó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ilé ni wọ́n gé ṣe férémù. Wọ́n á kó àwòrán náà sínú ọkọ̀ nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n á sì máa tà á láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì lẹ́bàá títì. Alfred Hair àti Harold Newton wà lára wọn, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn sì ni Mary Ann Carroll. Àwọn kan nínú wọn rí ìmọ̀ràn gbà lọ́dọ̀ A. E. Backus, ayàwòrán aláwọ̀ funfun kan tí ó ń gbé ìlú yẹn, ọ̀pọ̀ sì wo ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó wá sọ wọ́n ní Highwaymen, ní 2004 sì ni ìpínlẹ̀ Florida fi orúkọ àwọn 26 sí ara àwọn ayàwòrán tí ó ń bọlá fún. Ilẹ̀ tí wọ́n yà nígbà náà ti di ilé àti títì ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn ènìyàn tí kò rí ẹnu ọ̀nà ìpàtẹ wọ̀ ni ó pa á mọ́ fún ìpínlẹ̀ náà.

N kò ní fi ọwọ́ bo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, yóò rí ẹgbẹ́ tí yóò bá a jiyàn, yóò sì mọ ohun èlò rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ohun èlò yìí ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹ bèèrè. Bí ènìyàn bá fi ọ̀dà olóróró kun kánfáàsì láìkọ́kọ́ fi nǹkan dí ojú aṣọ náà, òróró yóò jẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kun ìpele tí òróró rẹ̀ kéré lé orí èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀, ti òkè yóò gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, yóò sì sán. Àwọn àwọ̀ kan tún wà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ. Vincent van Gogh, tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ó pinnu ní 1880 láti di ayàwòrán, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ògiri yàrá òun ní Arles ní ilẹ̀ Faransé, tí òun yà ní 1888, jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò tí kò ṣú. Ẹni tí ó bá wò ó lónìí, búlúù ni yóò rí, nítorí pé pupa tí ó pò mọ́ ọn ti ṣá. Ó mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé àwọn ọ̀dà kan kì í tọ́jọ́. Àwọn tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ jáde náà lo irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ìwé ẹ̀rí kọ́ ni yóò sọ fún yín bóyá àwòrán yóò tọ́jọ́. Ẹ bi wá léèrè irú ọ̀dà tí a lò, bí a ṣe ṣe ojú kánfáàsì, àti bóyá orí ilẹ̀ náà ni a ti yà á tàbí inú ilé. Inú mi yóò dùn láti dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dà bíi mi.

Mo tún máa ń gbọ́ pé ibi tí a ń yà kéré jù, pé kò sí ẹni tí ó mọ odò yẹn tàbí òkè yẹn. John Constable, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní London, síbẹ̀ odò Stour tí ó wà nítòsí ibi tí wọ́n bí i sí ni ó padà sí, kò sì fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ rí títí ó fi kú. Ní 1821 àti 1822, ó ń jáde ní Hampstead lẹ́bàá London láti kun ìkuukùu, yóò sì kọ ọjọ́, wákàtí àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí ẹ̀yìn bébà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀. Àwòrán ńlá rẹ̀ tí ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù hàn láàárín odò náà kò rí oníbàárà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní London ní 1821. Ní 1824, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Paris. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni Royal Academy tó sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gidi, ó ti pé ọmọ ọdún 52. Odò náà kò tóbi, kò sì lókìkí kí ó tó yà á.

Nǹkan kan kù tí ó ń dùn mí. Nígbà tí ẹ bá tilẹ̀ gba iṣẹ́ wa, ẹ sábà máa ń ya àyè kan sọ́tọ̀ fún un, pẹ̀lú àkọlé tí ń sọ fún olùwòran pé àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe é. Mo mọ̀ pé inú rere ni ẹ fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n olùwòran tí ó ti ka irú àkọlé bẹ́ẹ̀ yóò wo àwòrán náà pẹ̀lú àánú, àánú kì í sì í jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Ẹ gbé odò sí ẹ̀gbẹ́ odò, kí ẹ gbé òkè sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn wò ó fúnra wọn. Àgbà ni ó sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Kò sọ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

N kò ní kí ẹ tú ìgbìmọ̀ yín ká. Ní 1884, àwọn ayàwòrán kan ní Paris dá ìpàtẹ kan sílẹ̀ tí kò ní ìgbìmọ̀ ìyàn, tí kò sì ní ẹ̀bùn, ibẹ̀ sì ni Henri Rousseau, òṣìṣẹ́ tí ń gba owó orí ọjà ní ẹnu bodè ìlú náà, ti ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ láti 1886. Ó ṣe wọ́n láǹfààní, ṣùgbọ́n èmi gbàgbọ́ pé ojú tí ó mọ nǹkan yàn wúlò fún iṣẹ́ wa. Ẹ máa yàn. Kí ẹ kàn gbé ìbéèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní ojú ìwé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù tí ẹ ó tẹ̀ fún ìpàtẹ tí ń bọ̀, kí ẹ fi ìbéèrè nípa ọ̀dà, kánfáàsì àti ibi tí a ti dúró yàwòrán rọ́pò rẹ̀, kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sì wà nínú àpòòwé tí ẹ kò ní ṣí títí ẹ ó fi yàn tán. Iṣẹ́ tí ẹ bá kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti wò ó, a ó gbé e padà sílé láìjiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tàbí méjì mọ́ ọn nípa ohun tí ẹ rí tí kò dára tó, nítorí pé ilẹ̀ tí a ń yà lè sọ fún wa pé a ṣì í, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún wa bí ó ṣe rí lójú ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ayàwòrán ojú ilẹ̀ kan tí ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́